Ájẹ́ǹtì inṣọ́ráǹsì tí kò padà sí kíláàsì: ọrùn ta ni wàhálà rẹ̀ ń já sí?

Gbogbo ìgbà tí a bá ti gbé ọ̀rọ̀ inṣọ́ráǹsì, èyí tí àwọn kan ń pè ní adójútòfò, wá sórí afẹ́fẹ́, ohun kan náà làwọn olùgbọ́ wa máa ń sọ: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, owó ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbà, wọn ò mọ̀ ọ́n san." A ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń fi oníbàárà falẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn bá lọ gba owó lè jẹ́ èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó sì máa ń jókòó ti èèyàn lọ́jọ́ yẹn ni ájẹ́ǹtì. Ìdí rèé tí ìwé àṣẹ ájẹ́ǹtì, àti ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ lẹ́yìn tó ti gba ìwé àṣẹ náà, fi kan ẹ̀yin tí ẹ ń san owó.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú fọ́ọ̀mù

Òfin inṣọ́ráǹsì ọdún 2003, tí Nàìjíríà lò títí di ọdún 2025, pa á láṣẹ pé kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ kan síwájú fọ́ọ̀mù, níbi tí ojú á ti tètè rí i. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé tí ájẹ́ǹtì bá bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, aṣojú ẹni tó fẹ́ ra inṣọ́ráǹsì ni wọ́n máa kà á sí nídìí fọ́ọ̀mù yẹn, kì í ṣe aṣojú ilé iṣẹ́. Ní kúkúrú, ohun tó bá kọ, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní Gbági n'Íbàdàn. Ájẹ́ǹtì wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù pé kó ra inṣọ́ráǹsì iná. Ìyá ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ájẹ́ǹtì gba bírò, ó ń bá a kọ ọ́. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ tàbí epo bẹntiróòlù wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kò bi ìyá léèrè, ó kàn kọ "rárá". Bẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ lè sọ pé ìyá fi òótọ́ pa mọ́. Ìyá á búra pé òun ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ló sì sọ, torí kò sẹ́ni tó bi í.

Ájẹ́ǹtì yẹn lè má jẹ́ oníjìbìtì. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ nígbà kan, ó sì ti gbàgbé. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ìbéèrè yẹn wà fún kò yé e láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ájẹ́ǹtì

Lábẹ́ òfin 2003 yẹn náà, kì í ṣe ẹni tó bá kàn so táì mọ́rùn ló lè máa ta inṣọ́ráǹsì. Àjọ NAICOM, tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣàkóso iṣẹ́ yìí, ló ń fún ájẹ́ǹtì ní ìwé àṣẹ. Kó tó rí i gbà, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, kó sì ní ìwé ẹ̀rí pé òun mọ iṣẹ́ náà láti ọ̀dọ̀ CIIN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ inṣọ́ráǹsì. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ráǹsì kan sì gbọ́dọ̀ ti gbà pé kó máa ṣe aṣojú òun. Ìwé àṣẹ yìí kì í ṣe ti ayérayé. Tí àsìkò rẹ̀ bá tó, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ọ̀tun. CIIN pẹ̀lú ní ètò àfikún ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé sísọ di ọ̀tun ṣe máa ń rí nílùú wa. Ọ̀pọ̀ wa kà á sí ọ̀rọ̀ owó lásán: sanwó, gba òǹtẹ̀, máa lọ. Tí ti ájẹ́ǹtì náà bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé tuntun ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ àtijọ́ ló máa wà lórí rẹ̀.

Àyípadà láàárín ọdún mẹ́ta

Ẹ wo ohun tó ti yí padà láìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2023, owó third party fún ọkọ aládàáni kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000. Iye tí ilé iṣẹ́ máa san lórí dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ náà bá bà jẹ́ kò lè ju mílíọ̀nù kan náírà lọ tẹ́lẹ̀, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta. Ti kẹ̀kẹ́ márúwá di 5,000 náírà, ti ọ̀kadà di 3,000.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé third party wò lójú pópó káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìkéde jáde pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti buwọ́ lu òfin inṣọ́ráǹsì tuntun, NIIRA 2025, tó rọ́pò ti 2003. Òfin yìí ní kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe inṣọ́ráǹsì ẹ̀mí ní owó ìdókòwò tí kò dín ní bílíọ̀nù 10 náírà, kí àwọn tó ń ṣe ti ọkọ, iná àti irú wọn ní bílíọ̀nù 15. Oṣù 12 ni wọ́n fún wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan lè para pọ̀, orúkọ á yí padà, àwọn kan sì lè kógbá wọlé. Òfin náà tún ní kí àpò owó kan wà láti dáàbò bo oníbàárà bí ilé iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀.

Ájẹ́ǹtì tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 2019, tí kò sì tún kọ́ nǹkan kan látìgbà náà, báwo ló ṣe fẹ́ ṣàlàyé èyí fún awakọ̀ ní gáréèjì?

Ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, ájẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 24 láàárín ọdún méjì-méjì kí ìwé àṣẹ rẹ̀ má bàa bọ́. Díẹ̀ nínú wákàtí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí ìwà òtítọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń ka wákàtí, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ ẹni náà.

Ẹ gbọ́ tẹnu àwọn ájẹ́ǹtì náà

A ò gbọdọ̀ dá ájẹ́ǹtì nìkan lẹ́bi. Kọmíṣọ̀n lọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, wọn kì í gba owó oṣù. Ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó sí kíláàsì, ọjọ́ yẹn kò mówó wọlé. Ẹ fi owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀kọ́ kún un. Tí a bá kàn di gbogbo ẹrù yìí lé wọn lórí, àwọn kan á ju ìwé àṣẹ nù, wọ́n á sì máa ta á lọ ní kọ̀rọ̀. Ìyẹn á tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lójú tiwa, ilé iṣẹ́ tó ń jèrè lára ájẹ́ǹtì ló yẹ kó san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kíláàsì náà lè kúrú, kó ṣeé ṣe lórí fóònù. Èdè Yorùbá ló sì yẹ kó jẹ́ fún ẹni tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń tajà l'Ọ́yọ̀ọ́ àti l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì epo ní Yorùbá, á rántí béèrè rẹ̀ ní Gbági. NAICOM ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé àṣẹ kò di ọ̀tun láìsí ẹ̀rí ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ájẹ́ǹtì fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó dárúkọ, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ san owó sí àkáǹtì ilé iṣẹ́, ẹ má san án sí ti ájẹ́ǹtì. Ẹ má buwọ́ lu fọ́ọ̀mù òfìfo láéláé, ẹ ní kó ka gbogbo ohun tó kọ padà fún yín ní Yorùbá. Tó bá jẹ́ ti ọkọ̀, ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù yín kí ẹ mọ̀ bóyá ojúlówó ni ìwé náà.

Ájẹ́ǹtì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Abéèrè kì í ṣìnà.