Ìdí Awò Ni Kí Á Kọ́kọ́ Tún Ṣe

Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo ìràwọ̀ bá rí owó díẹ̀, dígí tuntun ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ fi rà. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ tún ìdí tẹlisíkóòpù wọn ṣe. Ìdí la ti ń gun igi.

Irú awò tí à ń sọ ni èyí tí John Dobson sọ di olókìkí ní San Francisco: ọ̀pá gbọọrọ tó jókòó sínú àpótí pákó, tó ń lọ sókè sódò, tó sì ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ní 1968, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń gbé awò sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹni tó ń kọjá lè wo ọ̀run lọ́fẹ̀ẹ́. Káfíńtà àdúgbò lè kan àpótí náà. Kò ní mọ́tò. Ọwọ́ la fi ń tì í.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ayé ń yí ìwọ̀n dìgírì 15 ní wákàtí kan. Bí awò bá sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 200, tí ibi tí ojú wa ká kò sì ju ìdámẹ́rin dìgírì lọ, Jupiter yóò kọjá lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. A ní láti máa tì í díẹ̀díẹ̀. Bí ìdí bá ń há, a ó fi agbára tì í, yóò fò, Jupiter yóò sì pòórá. Ẹni tó ti tò sórí ìlà láti ìrọ̀lẹ́ yóò wá wo òkùnkùn. Tiwa tún le sí i: nítorí pé a kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gba òkè orí wa kọjá, ibẹ̀ gan-an ló sì ṣòro jù láti yí irú awò yìí.

Àwọn kan á ní kí á fi béárìn sí i. A kò fara mọ́ ọn. Béárìn a máa yí jù; atẹ́gùn lásán lè gbá awò kúrò lójú ohun tí à ń wò. Kí ó máa yọ̀ kọ́ là ń wá, kí ó gbọ́ràn ni: kí agbára tó ń mú un ṣí má fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń mú un lọ. Ègé Teflon mẹ́ta lórí fọ́míkà tí ojú rẹ̀ rí wínníwínní díẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ègé kọ̀ọ̀kan wà lókè ẹsẹ̀ àpótí gan-an, kí pákó má baà tẹ̀. Bí ó bá ṣì le, ẹ tú nọ́ọ̀tì àárín díẹ̀, ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò, tàbí kí ẹ sún àwọn ègé náà àti ẹsẹ̀ súnmọ́ àárín díẹ̀, ṣùgbọ́n kí awò má baà ṣubú.

Lóòótọ́, ìdí dáadáa kò lè wo dígí burúkú sàn. Ṣùgbọ́n dígí tó dára jù kò wúlò lórí àpótí tó ń fò. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde, tí ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, ẹ bá wa san owó káfíńtà.