Ta Ló Ní Àwọn Ará Ifẹ̀ Àtijọ́ Ti Parẹ́?

Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ Olókun, kò gbà pé baba ńlá àwọn tó gbà á lálejò ló ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní Atlantis ni, ìlú tí àwọn Gíríìkì sọ pé òkun gbé mì! Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú ọ̀pọ̀ orí idẹ mìíràn jáde, ọ̀rọ̀ Atlantis sì di ẹ̀rín lójú àwọn onímọ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń wá “ọ̀làjú tó sọnù” kiri kò tíì sinmi.

Ìbéèrè tiwa, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè, ni pé èdè wo ni àwọn tó “parẹ́” ọ̀hún ń sọ? Nínú iṣẹ́ tí Hounkpati Capo tẹ̀ jáde ní 1989, Defoid ni orúkọ ìdílé èdè tí Yorùbá wà nínú rẹ̀: èdè pẹ̀lú Ifẹ̀ ni wọ́n so pọ̀ nínú orúkọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìdílé yìí lókèèrè, kó gba ọ̀nà Savalou lọ sí Bantè, kó sì dé Pira. Ica ni wọ́n ń pe ẹ̀ka-èdè agbègbè náà. Àwọn tó ń kọ Faransé a máa kọ ọ́ ní Itcha.

Ẹ fi etí sí ìró kan péré. Ibi tí àwa ń pè ní Ṣábẹ̀ẹ́, Cabe ni níbẹ̀. Ìdáàṣà, Idaca ni. Ìṣà, Ica ni. Ẹ wá rékọjá sí ìlà-oòrùn jíjìn, lọ́dọ̀ àwọn Ígálà: uchu ni wọ́n ń pe iṣu. Bí ìró kan bá wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí òmíràn sì wà láàárín, ó ṣeé ṣe kí ti ìpẹ̀kun jẹ́ àgbà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ti yí padà lẹ́nu ará Ifẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ará Bantè.

A kò sọ pé gbogbo ará Pira ti Ifẹ̀ wá o. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ṣeé yẹ̀ wò: irin, idẹ, ẹwìrì, owú, ìkòkò. Èyí tí ìró rẹ̀ bá bá tiwa mu létòlétò, ogún ni. Èyí tí kò bá mu, ó lè jẹ́ àyálò.

Ẹnubodè tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀ka-èdè wa ṣì ń dúró sí, bí ẹni pé aṣọ́bodè ń bẹ níbẹ̀ tó ń gba fáwẹ́lì lọ́wọ́ ẹni. Faransé sì ni àwọn ọmọ Pira ń bá pàdé ní ilé-ìwé. À ń bẹ àwọn olùkọ́ wa: kí iṣẹ́ àṣekágbá méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọọdún kọjá ẹnubodè yìí. Kí a kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú, kí a gba àṣẹ, kí a jókòó ti alágbẹ̀dẹ àti àwọn ìyá amọ̀kòkò, kí a sì fi ẹ̀dà ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.