Ìlẹ̀kẹ̀ Àánú ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Ó ti di àṣà láàrin àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ní ilẹ̀ òkèèrè àti ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, pé bí ẹnìkan bá dá owó fún iṣẹ́ àánú, wọn a fún un ní ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí a fi ọwọ́ ṣe. Àwọn kan ń yin àṣà náà. Àwọn mìíràn ń wí pé àánú tòótọ́ kì í gba pààrọ̀, àti pé ọjà títà ni a da aṣọ àánú bò. Ní tiwa, a gbà pé àṣà náà dára, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tí kò bá fẹ́ jíhìn.

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a dúró sí. Ní ayé òwò ẹrú, ìlẹ̀kẹ̀ wà lára ohun tí àwọn òyìnbó kó wá sí etí òkun yìí, pẹ̀lú owó ẹyọ, aṣọ, ìbọn, ọtí àti tábà. Ènìyàn ni wọ́n fi irú nǹkan wọ̀nyí rà. Àwọn tí a rà ni a fi ọkọ̀ gbé kọjá ọ̀sà sí Gbẹrẹfu, láti ibẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ òkun. Nítorí náà, ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá na ìlẹ̀kẹ̀ sí wa, ó yẹ kí a bi í ní ohun tí yóò fi owó rẹ̀ ṣe.

Ìtàn fi ọ̀nà méjì hàn wá. Ní ọdún 1787, Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò olókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àmì kékeré kan tí àwòrán ẹrú tí ó kúnlẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n wà lára rẹ̀. Kò tà á. Ó fi tọrẹ ni. Àwọn obìnrin fi í sí ẹ̀gbà ọwọ́, àwọn mìíràn sì fi ṣe irun wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí kò lè dìde sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀ wá ní ohun tí yóò fi sọ ti ọkàn rẹ̀. Ní 1807 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò náà. Àmì náà nìkan kọ́ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ó jí ọkàn àwọn ènìyàn.

Ọ̀nà kejì rèé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Disẹ́ńbà, 1935, a pe àwọn obìnrin Ítálì láti mú òrùka ìgbéyàwó wọn wá. Ayaba Elena ni ó ṣáájú wọn. Wọ́n fi wúrà sílẹ̀, wọ́n sì gba òrùka irin lọ sílé. Kí ni a fi wúrà náà ràn lọ́wọ́? Ogun tí Mussolini gbé ti ilẹ̀ Etiópíà, níbi tí a ti ń pa àwọn ènìyàn dúdú bí àwa. Ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn fi ọkàn rere mú òrùka wọn wá. Ọkàn rere olùfúnni kò tó. Ibi tí owó ń lọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá ń fi ìlẹ̀kẹ̀ gba owó fún ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn, kí ó ka ìṣirò rẹ̀ ní gbangba: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti ọwọ́ tí ó gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan sì tún kù, èyí tí a máa ń gbàgbé: ẹni tí ó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà ńkọ́? Èèpo àgbọn kò ṣọ̀wọ́n ní etí òkun wa. Ṣùgbọ́n a óò gé e wẹ́wẹ́, a óò ha á títí yóò fi dán, a óò lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a tó sín in sí okùn. Ẹni tí ó jókòó ṣe gbogbo èyí ní ọmọ tí yóò jẹun. Bí a bá ní kí ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé iṣẹ́ àánú ni, a gba ti tálákà kan fún tálákà mìíràn nìyẹn, a sì tún gba ìyìn sí i. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì fi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa sílẹ̀, tí ó lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ oníke láti òkèèrè, àwọn àgbà ti dá a lóhùn: ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe fi orúkọ àánú ta ọjà ara yín. Ẹ̀yin olùfúnni, ẹ má ṣe ná ìlẹ̀kẹ̀ àánú bí ẹní ná ẹja lọ́jà. Ẹ̀rí ni ó jẹ́, kì í ṣe èrè. Ẹni tí ó bá bi yín pé níbo ni ẹ ti rí i, ẹ sọ iṣẹ́ rere tí ẹ bá wọn lọ́wọ́ sí fún un, kí òun náà lè bá wọn ṣe é. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Kí ó má ṣe kùtà ní Àgbádárìgì, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ti ná wa ní ènìyàn rí.