Àárò Ni Wọ́n Ń Tà Fún Wa

Ọbẹ̀ àná lè dùn ju tòní lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ìkòkò kan ṣoṣo kaná nígbà mẹ́tàlá, tí ó sì ń gba owó ọbẹ̀ tuntun lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí a bi í léèrè ohun tí ó ń tà.

Sinimá Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Halloween ni mo fi ń pòwe. Ní ọdún 1978 ni John Carpenter gbé èkíní jáde. Ọkùnrin kan, Michael Myers, fi ìbòjú funfun bojú, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ọ̀bẹ pa ènìyàn kiri. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó dẹ́rù bani, nítorí pé òǹwòran kò mọ ohun tí apànìyàn náà ń wá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2022, sinimá náà ti pé mẹ́tàlá. Wọ́n yìnbọn fún Michael, ó dìde. Wọ́n dáná sun ún, ó tún padà wá. Ní ọdún 2018, àwọn tí ó ń ṣe é fọwọ́ rọ́ gbogbo ìtàn àárín sẹ́yìn, wọ́n ní ti ọdún 1978 nìkan ni àwọn kà sí. Wọ́n mú Jamie Lee Curtis, ọ̀dọ́mọbìnrin inú ti àkọ́kọ́, padà wá gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà. Èmi náà wò ó. Nígbà tí orin àtijọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo wá ronú pé ẹ̀rù ni mo sanwó fún. Kí ni ìdùnnú ń wá níbẹ̀?

Kí ni èyí kan ará Ìkẹ́rẹ́? Ó kàn wá gidigidi. Ìsàlẹ̀ òkè Olósùnta ni mo wà nígbà tí Living in Bondage jáde ní ọdún 1992. Ní pálọ̀ aládùúgbò wa ni a ti wo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀, tí àwọn àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èdè Ìgbò ni wọ́n ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbọ́ ọ. Síbẹ̀, nígbà tí Andy fi Merit, ìyàwó rẹ̀, ṣe ètùtù owó, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Láti ọdún 1986 tí ètò SAP ti bẹ̀rẹ̀ ni náírà ti ń ṣubú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pebi mọ́nú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan láàrin wa ń lówó lójijì, a kò sì mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ni fíìmù àgbéléwò náà gbé síta.

Ní ọdún 2019, wọ́n gbé ọmọ Andy jáde nínú Living in Bondage: Breaking Free. Ní ọdún 2020, Rattlesnake àti Nneka the Pretty Serpent tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2022, ó kan Glamour Girls. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Play Network, ni ó wà nídìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwòrán wọn mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, ohùn wọn já gaara, Ramsey Nouah tí ó darí méjì àkọ́kọ́ sì mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni ó pe èrò wá síbẹ̀. Ìrántí pálọ̀ aládùúgbò mi ni wọ́n fi aṣọ olówó iyebíye wọ̀, tí wọ́n tún tà padà fún mi.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé egúngún kì í jáde lọ́dọọdún ni? Ṣé Ògúndé kò gbé Jáíyésimi jáde ní ọdún 1980, lẹ́yìn Ayé ti ọdún 1979?” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ti Ògúndé. Egbò náà kò tíì jinná. Ẹni tí ó sì ń gun òkè Olósùnta lọ́dọọdún, ẹjọ́ ọdún yìí ni ó ń gbé lọ: ọmọ tí ń ṣàìsàn nísinsìnyí, iṣẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Kò gun òkè láti lọ rántí bí òkè ti rí nígbà èwe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1938. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kì í ṣe ohun tí òun dá sílẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ ni. Nígbà tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ọgọ̀gà Ìkẹ́rẹ́, kò tún ilẹ̀kùn bàbá ńlá ẹnikẹ́ni gbẹ́. Òyìnbó aláṣẹ ni ó gbẹ́ sí i, tí àwọn ènìyàn gbé e lọ́rùn bọ̀ wá sí ààfin, tí ọba jókòó tí ó ń wò ó. Ohun tí ń kó ìpayà bá ìran rẹ̀ nìyẹn, ó sì gbẹ́ ẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọba. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù; kò padà wálé mọ́, British Museum ni ó wà. Kí ni à bá fi hàn wọ́n, bí ó bá jẹ́ pé àárò nìkan ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́?

Àwa náà ní ìpayà tiwa. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé dúró ní agbègbè Èmùré, wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké àti olùkọ́ wọn wọgbó. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò tíì rí fíìmù kan tí ó jókòó ti àwọn òbí wọ̀nyẹn ní alẹ́ àkọ́kọ́. Apànìyàn wa kò nílò ìbòjú láti ọjà Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn: ẹ jẹ́ kí Andy sinmi. Ẹ fi owó kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn lé ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, ẹni tí ó mọ bí àyà ìyá rẹ̀ ti ń já láàárọ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé.