Ọ̀nì Lẹkki Kò Lè Jẹ Yanrìn

Èrò tó ń rọ́ lọ sí Lekki Conservation Centre, afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 ni wọ́n ń bá lọ. Wọ́n á gòkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ kì í kan ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ejò, awọ́nríwọ́n àti ọ̀nì inú igbó hékítà 78 tó wà níbẹ̀, inú ẹrẹ̀ yẹn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Oòrùn ni ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ewé ni ewé ń fi ṣe oúnjẹ. Nínú irà, ìwọ̀nba ewé tútù ni ẹranko ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù á gbẹ, á já bọ́ sómi, á jẹrà. Ewé jíjẹrà yìí ni akàn àti edé ń jẹ. Ẹja kéékèèké ń jẹ edé, àrọ̀ ń gbé ẹja kéékèèké mì, ọ̀nì sì lúgọ de àrọ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Raymond Lindeman, ló fi adágún kékeré kan ní Minnesota ṣèwádìí bí agbára ṣe ń ti ara ẹ̀dá kan bọ́ sí òmíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1942, lẹ́yìn tó ti kú láìpé ọmọ ọdún 27. Òun ló la ọ̀nà fún ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò dòní: nǹkan bí ìdámẹ́wàá agbára ìpele kan ló ń di ara ìpele tó tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú ìyókù bá mímí àti ìrìn lọ, ó di ooru, kò sì ní padà mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdámẹ́wàá là ń fi sílẹ̀. Nínú irà, òun nìkan ni wọ́n ń rí mú lọ.

Bí ewé jíjẹrà bá ní kálórì 10,000, akàn àti edé á rí 1,000, ẹja kéékèèké 100, àrọ̀ 10, ọ̀nì 1. Ó lè lé, ó lè dín, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tí edé fi pọ̀ tí ọ̀nì fi ṣọ̀wọ́n.

Irà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti Lẹkki dé Ajah tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní ilẹ̀ òfìfo. Wọ́n ń fa yanrìn lábẹ́ ọ̀sà, tipá ń gbé e, wọ́n ń dà á sórí irà, owó á gorí ilẹ̀. Yanrìn bo ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀; omi ọ̀sà dàrú, oòrùn kò ráyè wọlé bá ohun tó ń hù nínú rẹ̀. Bí 5,000 nínú kálórì 10,000 yẹn bá lọ nísàlẹ̀, ìdajì ọ̀nì ló kù lókè, kò sì sí ẹranko tí í fi ìdajì ara rìn. Apẹja Ìlàjẹ tó ń gbé ní Ajah náà, òkè lọ́hùn-ún ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nì, nítorí ẹja kan náà ni òun náà ń wá.

Àwọn kan á ní igbó tí Nigerian Conservation Foundation ń tọ́jú ti tó. Kò tó. Àjọ náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, ti ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n hékítà 78 tí ilé yí ká kò lè bọ́ ọ̀nì púpọ̀.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yé fọwọ́ sí dídí irà tó kù láàárín Ajah àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló wà lábẹ́ yanrìn yẹn.