Ẹ Gbá Ihò Èéfín Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Ẹ̀yin ará wa ní Jos, àwa tí a háyà ilé àtijọ́ tó ní ihò èéfín la ń bá wí. Bí èéfín bá ń padà sí yàrá, ó ti pẹ́ jù. Ẹ fi igi ha inú ihò náà. Bí dúdú ara rẹ̀ bá nípọn tó mìlímítà 3, ẹ gbá a. Igi tútù ló ń tètè dí i. Dúdú yìí a máa gbiná, a sì jó òrùlé. Bí ihò bá dí, èéfín olóró tí imú kò gbọ́ a máa pa ẹni tó sùn. Onílé ní iṣẹ́ ayálégbé ni, ayálégbé ní ti onílé ni. Ní tiwa, kí wọ́n pín owó náà ní Òkìtóbà, bí òjò bá ti ń dá. Ilé tí a kò bá gbá, kí a má dáná níbẹ̀.