ORIN PẸ̀LẸ́ NÍNÚ ILÉ

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Okokomaiko kò ní í béèrè ibi tí a ti ń ta ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí pé ọjà Alábà kò jìnnà sí i. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti wọ ilé ìsìn, wọ́n sì ti wọ ilé wa pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò fi lè gbọ́ ohùn ara wọn ní àkókò àdúrà alẹ́. Èyí ni ó mú mi rántí àwọn àwo orin Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá yìí. A bí i ní 1855, ó sì sùn nínú Olúwa ní 1930. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, láàárín 1920 sí 1929, ó kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ohùn rẹ̀ àti dùùrù ni, láìsí ariwo. Ojú kan àwo ìgbà náà kò gbà ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, a sì máa fọ́ bí tánganran bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. (Fẹlá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó wá ń fi orin kan ṣoṣo kún odindi ojú àwo!)

A lè pe àwọn àwo náà ní ẹnìkejì ìwé orin, nítorí pé irú orin ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fi kún ẹ̀yìn Ìwé Orin Mímọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi etí kọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kà. Ohùn orin àwọn Òyìnbó kì í dúró de ohùn ọ̀rọ̀ wa: bí ó bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ó rẹlẹ̀, “ìgbà” a di “igbá,” àwa a sì máa fi ìtara kọrin igbá níwájú Ọlọ́run. Bàbá mú ohùn tí àwọn baba wa mọ̀, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣíwájú.

Ní agbègbè yìí, níbi tí Àwórì, Ẹ̀gùn, Ìgbò àti àwọn mìíràn ti ń gbé pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbọ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Orin alẹ́ lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí wọn yóò ti gbọ́ Yorùbá bí ó ti tọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ pa ẹ̀rọ ńlá náà nígbà tí agogo mẹ́jọ bá lù. Ẹ mú orin kan láti ẹ̀yìn ìwé náà, kí ìyá dá a, kí àwọn ọmọ gbè é. Bí kò bá sí dùùrù nínú ilé, àtẹ́wọ́ pẹ̀lẹ́ tó.